Ta ló ti pẹja rí ní adágún tó wà láàárín òkè? Ẹ wá sọ tiyín

BàbáÌbejì_Sacramento
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Sátidé tó kọjá, èmi àtàwọn ọmọ mi lọ pẹja ní Lake Tahoe, níbi tí California àti Nevada ti pààlà lórí òkè. Adágún yẹn fi bíi mítà 1,900 ga ju òkun lọ, ó sì jìn tó mítà 501. Aago mẹ́ta òru la kúrò nílé. Nígbà tá a dé àárín omi, ọlọ́kọ̀ so òjé ńlá mọ́ okùn irin, ó sọ ọ́ sísàlẹ̀ tó bíi mítà 60, torí ìsàlẹ̀ tó tutù ni ẹja Mackinaw ń gbé. Wákàtí méjì, kò sí nǹkan kan. Àfi gììrì tí ọ̀pá tẹ̀! Táyé ló wà nídìí ẹ̀, ó ń pariwo pé, "Dádì, ó ń fà mí lọ!" Ẹja náà gùn tó apá mi. Ó ti pẹ́ tínú mi ti dùn tóyẹn, àfi ìgbà tí bàbá mi ń mú mi lọ dẹ ìwọ̀ sódò Ọ̀yán pẹ̀lú ẹkòló nínú agolo mílíìkì. Ẹ sọ tiyín.

ÌyáOlóbẹ̀
Ẹja ọ̀hún dà?

BàbáÌbejì_Sacramento
Kẹ́hìndé bẹ̀bẹ̀ pé ká dá a padà sómi, Mà. A dá a padà.

ÌyáOlóbẹ̀
Ẹ dá kí ni?

Àjàní_Mọ́kọ́lá
😂😂 Aago mẹ́ta òru, epo mọ́tò, owó ọlọ́kọ̀, ẹ wá lọ kí ẹja nílé ẹ̀, ẹ padà wálé.

ỌmọÌsẹ́yìn
Ẹ̀yìn Ìyá Olóbẹ̀ ni mo wà. Adágún Ìkéré Gorge lọ́dọ̀ wa ni mo ti mọ ẹja, òkè àti àpáta pọ̀ níbẹ̀ náà, odò Ògùn ni wọ́n sé. Ọkọ̀ igi bàbá ìyá mi máa ń jò, iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi igbá gbọ́n omi. Àwọn igi tí omi bò nígbà tí wọ́n sé odò ṣì wà nísàlẹ̀, wọ́n máa ń há àwọ̀n. Tó bá ti há báyìí, bàbá kì í fi agbára fà á. Wọ́n á dákẹ́, wọ́n á máa fọwọ́ wá okùn lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú aṣọ. Èyí tó bá ya, wọ́n á fi ìrọ̀lẹ́ dí i. Ìgbà mìíràn, ẹpìyà mẹ́fà àti àrọ̀ kan ni gbogbo èrè òru. Ìyá mi á yan án, òun la fi san owó ilé ẹ̀kọ́ mi. Bàbá Ìbejì, mi ò bá yín jà o, àmọ́ tí mo bá gbọ́ "a dá a padà", ó máa ń dùn mí dé egungun.

Nọ́ọ̀sì_Kendal
Ọmọ Ìsẹ́yìn, o pa mí lẹ́kún. Ní Windermere níbí, adágún àdáyébá tó tóbi jù ní England, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13 kò gbọdọ̀ dẹ ìwọ̀ láìní láísẹ́ǹsì, ìtanràn rẹ̀ lè tó £2,500. Mi ò mọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Bàbá kan tó ń mú ajá ẹ̀ rìn ló là mí lọ́yẹ̀, mo ká ìwọ̀ mi kíá. Ìgbà tí mo wá gbàwé, pike ni mo mú, ẹnu gbọọrọ bíi ti ọ̀nì, eyín lọ súà. Ẹni tó mú mi lọ ní òun kì í gbé e lọ sílé. Mo tú u sílẹ̀, mo dé inú mọ́tò, mo sunkún. Ọbẹ̀ tí mo ti ń rò látàárọ̀!

Ẹlẹ́ja_Àkúrẹ́
Ẹja omi ni mo kà ní yunifásítì, ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀. Mackinaw kì í ṣe ọmọ onílé ní Tahoe. Àwọn èèyàn ló kó o dà síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1880 sí 1890. Ẹja cutthroat tí wọ́n ń pè ní Lahontan ló nibẹ̀. Wọ́n pa á ní àpajù, wọ́n sé odò tó fi ń yé ẹyin, àlejò yìí tún ń gbé e mì, kí ọdún 1940 tó pé kò sí i níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó jẹ Mackinaw kò ṣe adágún yẹn níbi rárá, tí kò bá ti kọjá iye tí òfin sọ.

ÌyáOlóbẹ̀
Olúwa á túbọ̀ fi kún ìmọ̀ rẹ, ọmọ mi. Kẹ́hìndé, ṣé o gbọ́?

Àjàní_Mọ́kọ́lá
Ẹja tí wọ́n fà láti mítà 60 wá sókè, ṣé ikùn ẹ̀ ò ti wú? Ó ti lè kú lẹ́yìn tẹ́ ẹ kúrò.

Ẹlẹ́ja_Àkúrẹ́
Irú èyí máa ń lè tú afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde lẹ́nu. Kì í ṣe gbogbo ẹja ló lè ṣe é.

BàbáÌbejì_Sacramento
Òótọ́ ni! Táyé rí i tí omi ń hó bó ṣe ń bọ̀. Mo rò pé ojú ló tàn án.

Àdùkẹ́_Òkèògùn
Ẹ kúrò lọ́rọ̀ òyìnbó. Ta ló lè gbé ìwọ̀ dé adágún Ìyáké lórí òkè Adó-Àwáyè? Mo gun òkè yẹn dé ibẹ̀, ara mi kọ́ láti fẹsẹ̀ kan omi, ká má tíì sọ pípa ẹja.

Àjàní_Mọ́kọ́lá
Ṣé ẹja tiẹ̀ wà níbẹ̀?

Àdùkẹ́_Òkèògùn
Lọ fọwọ́ wá a wò.

BàbáÌbejì_Sacramento
Àdùkẹ́, ohun tó o sọ yìí wọ̀ mí lára. Àwọn ẹ̀yà Washoe ló ni Tahoe, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe adágún ni orúkọ yẹn ti jáde. Àpáta kan wà létí omi níbẹ̀, Cave Rock, ojúbọ wọn ni, oníṣègùn wọn nìkan ló ń débẹ̀. Ìjọba lu inú ẹ̀ fún títì lọ́dún 1931, wọ́n tún lu òmíràn ní 1957. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn èèyàn tún ń gùn ún ṣeré, títí ilé ẹjọ́ fi fọwọ́ sí i lọ́dún 2007 pé kí wọ́n yé gùn ún. Inú ihò yẹn la gbà kọjá. Mo pa rédíò, àwọn ọmọ ń bi mí pé kí ló dé.

Nọ́ọ̀sì_Kendal
Ẹ ṣe dáadáa, sà.

ỌmọÌsẹ́yìn
Bàbá wa náà kì í sọ̀rọ̀ tá a bá ń kọjá lẹ́bàá àpáta kan báyìí. Mi ò bi wọ́n léèrè rí. Ó yẹ kí n ti bi wọ́n.

BàbáÌbejì_Sacramento
A máa padà lọ lóṣù tó ń bọ̀. Kẹ́hìndé ti gbà pé ká mú ẹyọ kan wálé. Ìyá Olóbẹ̀, báwo la ṣe máa sè é, Mà?

ÌyáOlóbẹ̀
Má fi tòmátò bò ó. Ata rodo, àlùbọ́sà, iyọ̀ díẹ̀, efinrin lẹ́yìn tó bá hó. Má sì rò ó, á fọ́.