Wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ ẹbí wa ṣe pápákọ̀ òfuurufú kékeré: kí la máa bi wọ́n?

ỌmọOdẹ̀dá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Ilẹ̀ ẹbí wa lọ́nà Odẹ̀dá lé ní igba eékà. Àwọn kan wá bá olórí ẹbí, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe pápákọ̀ tí bàálù kéékèèké á máa bà sí. Wáyà iná ńlá olópòó onírin gba ìpẹ̀kun ilẹ̀ náà kọjá, àpáta sì wà lápá kejì, ẹ mọ bí tọdọ̀ wa ṣe rí. Àbúrò bàbá mi ní ilẹ̀ náà fẹ̀, ó tẹ́jú, kò sí wàhálà. Ṣé ilẹ̀ fífẹ̀ nìkan ni?

Awọnlẹ̀Ìbarà:
Ọmọ mi, àbúrò bàbá rẹ ò parọ́. Àmọ́ ilẹ̀ tí wọ́n máa rà kọ́ ni ìṣòro, èyí tí wọn ò ní rà ni.

Ká ní ọ̀nà tí bàálù máa sáré lé gùn ní mítà 1,800. Wọ́n á fi mítà 60 kún un lórí àti nídìí. Tí wọ́n bá fẹ́ kí awakọ̀ lè fi ẹ̀rọ wá ibẹ̀ nígbà ọyẹ́, wọ́n á tún fi mítà 140 sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, láti àárín ọ̀nà. Ìyẹn nìkan ti lé ní eékà 130, a ò tíì kan ibi tí bàálù tó bá sá kọjá ààlà máa dúró sí, a ò kan ilé èrò, a ò kan ibi epo.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n máa wo òkè. Láti ìpẹ̀kun ibẹ̀ lọ síta, ìlà kan wà tí ohunkóhun ò gbọdọ̀ yọ kọjá, bó ṣe ń lọ ló ń gòkè: mítà 50 síwájú, mítà kan sókè. Ohun tó bá wà ní kìlómítà kan ò gbọdọ̀ ga ju mítà 20 lọ, ì báà ṣe igi, ì báà ṣe máàsì. Òpó onírin yẹn ńkọ́? Ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Wọ́n sì tún máa ń wo kìlómítà mẹ́rin yíká, bóyá nǹkan kan ga ju mítà 45 lọ. Àpáta ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Má jẹ́ kí wọ́n sọ fún ẹ pé àwọn á yí ọ̀nà náà síbòmíì. Afẹ́fẹ́ ló ń yàn án. Lọ́dọ̀ wa, gúúsù ìwọ̀ oòrùn ló ti ń fẹ́ wá lásìkò òjò, tọyẹ́ sì ń ti àríwá ìlà oòrùn wá.

WáyàMan:
Tí wáyà yẹn bá jẹ́ 132 kV (bí agbára iná inú ẹ̀ ṣe tó nìyẹn), kì í ṣe ọ́fíìsì tó ń pín iná ládùúgbò lẹ máa lọ, TCN ni, iléeṣẹ́ tó ni àwọn wáyà iná ńlá. 11 àti 33 ṣeé rì mọ́lẹ̀. 132, owó ńlá ni, wọ́n á sì ní láti pa iná kí wọ́n tó ṣí i kúrò níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n ta ló máa sanwó ẹ̀, kó wà nínú ìwé.

Tọ́wàTẹ́lẹ̀:
Bàbá ti sọ ti ilẹ̀, ó ku ti ojú ọ̀run. Ọ̀nà bàálù méjèèjì ní Ìkẹjà, àríwá àti gúúsù ni wọ́n dojú kọ. Abẹ́òkúta sì wà ní àríwá Ìkẹjà gan-an, bíi kìlómítà 65. Bàálù tó bá ń ti àríwá wá bà l'Ékòó, apá ọ̀dọ̀ wa ló máa ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Kékeré tó bá gbéra l'Ódẹ̀dá ní láti gbàṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń darí bàálù l'Ékòó. Ìwé NCAA, àjọ tó ń ṣòfin fún ọkọ̀ òfuurufú, àti ti NAMA, àjọ tó ń darí bàálù lójú ọ̀run, ni kí àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ yín kọ́kọ́ mú wá, kí wọ́n tó dárúkọ owó ilẹ̀.

Ìyálọ́jàKútọ̀:
Èmi ò mọ ti àríwá. Pápákọ̀ Ìperu-Ìlíṣàn ò tó kìlómítà 50 sí wa. Ta ló máa wá wọ tibí? Àbí ilẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wá?

ỌmọOdẹ̀dá:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n ní tí ẹbí bá ń fà á, ìjọba lè gbà á fún àwọn. Òótọ́ ni?

Awọnlẹ̀Ìbarà:
Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fún gómìnà lágbára láti gbà á fún àǹfààní ará ìlú. Owó ilé àti owó irè tó wà lórí ẹ̀ ni wọ́n máa san. Ilẹ̀ fúnra ẹ̀, owó ìṣákọ́lẹ̀ ọdún yẹn nìkan ni òfin kà sí. Torí náà, kí ẹ ka gbogbo kaṣú àti ọ̀pẹ ibẹ̀ báyìí, kí ẹ ya fọ́tò wọn, kí ẹ sì wá awọnlẹ̀ tiyín, kì í ṣe èyí tí wọ́n bá mú wá.