Páálí mẹ́fà, pákó mẹ́ta àti ọmọ tí kì í sùn

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ tèmi ná, kí ẹ sì sọ tiyín. Kí n tó bímọ, mo rò pé ọmọ tí kò gùn tó apá ènìyàn kò lè ní ẹrù kankan. Irọ́ ni! Ìlédìí lórí àga, ìbọ̀sẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí, ìpara lójú fèrèsé. Lóru ọjọ́ kan, mo wá aṣọ ìnujú títí, èjìká mi ló wà.

Mo wá ní kí n ṣe ohun tí màá máa kó ẹrù ọmọ sí. Páálí tí wọ́n fi ń kó ìlédìí wá ni mo lò. Mo gé àwọn ètí òkè rẹ̀ kúrò, mo tẹ́ wọn sí ìsàlẹ̀ kí ìdí rẹ̀ lè le, mo wá fi gọ́ọ̀mù lẹ aṣọ àtijọ́ mọ́ ọn lára. Iṣẹ́ wákàtí kan, ọjọ́ mẹ́rin ló gbà mí. Ọmọ tuntun a máa jẹun ní wákàtí méjì sí mẹ́ta síra. Nígbà tó bá fi máa mu ọmú tán, tó gùfẹ̀, tí mo pààrọ̀ ìlédìí, gọ́ọ̀mù ti gbẹ mọ́ ẹnu ìgò. Ni mo bá pín iṣẹ́ náà. Òní gígé, ọ̀la lílẹ̀. Ohun tí mi ò bá lè jù sílẹ̀ lójijì, mi ò dáwọ́ lé e mọ́.

Mẹ́fà ni mo ṣe. Wọ́n wà lábẹ́ ibùsùn. Mo kọ "ó ti kéré" sára ọ̀kan, mo kọ "kò tíì tó o" sára èkejì.

*

Ẹ kú ọwọ́ lómi o. Bàbá Ìbejì ni mí. Èmi kan pẹpẹ ni, pákó mẹ́ta péré. Àwọn ọmọ sùn, mo ní àkókò rèé, mo gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ògiri. Ó ké wìììì lẹ́ẹ̀kan, àwọn méjèèjì sì dá a lóhùn. Ìyá wọn ò sọ nǹkan kan. Ó kàn gbé wọn lé mi lọ́wọ́, ó padà lọ sùn. Láti ìgbà náà, ìgbà tí wọ́n bá jáde nílé ni mo ń lu ihò. Ìta ni mo ti ń fá pákó, mo sì ń pààrọ̀ aṣọ kí n tó gbé ẹnikẹ́ni.

Ohun tó já mi láyà jù ni nọ́ọ̀tì. Mẹ́jọ ni mo kó jáde, méje ni mo rí. Mo ká ẹní, mo ti ibùsùn, àfi ìgbà tí mo rí i tó gún bàtà mi nídìí. Ní báyìí, inú agolo tó ní ìdérí ni wọ́n ń gbé, mo sì ń kà wọ́n. Ẹ fi páálí roboto tó wà láàárín bébà ìnùdí dán an wò: ohunkóhun tó bá gba inú rẹ̀ kọjá lè há ọmọ lọ́fun.

*

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Àpò ṣòkòtò àtijọ́ ni mo gé, mo rán mẹ́wàá mọ́ aṣọ kan, mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó wuyì gan-an. Ilẹ̀kùn ò wá tì mọ́. Mo tú márùn-ún kúrò.

*

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kan kọ́bọ́ọ̀dù yín mọ́ ògiri. Ọmọ mi ò ju oṣù mẹ́sàn-án lọ nígbà tó di dúrọ́ọ̀ mú láti dìde. Dúrọ́ọ̀ náà yọ síta, gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù sì fì síwájú. Orí ló yọ wá, mo wà nítòsí. Irin onígun méjì àti nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló parí ọ̀rọ̀ náà. Ẹrù tó wúwo wà ní ìsàlẹ̀ báyìí.

*

Èmi tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ tún ni. Tèmi ti ń rá o! Lánàá, ó wọ́ páálí "kò tíì tó o" jáde lábẹ́ ibùsùn, ó kó gbogbo aṣọ inú rẹ̀ dà sílẹ̀, ó wá wọ inú páálí náà jókòó. Ó gbà á gẹ́lẹ́.