Aago ọwọ́ tí a jogún: ẹ jẹ́ kí á sọ ìrírí wa

Nígbà tí a pín ẹrù bàbá mi lẹ́yìn tí wọ́n jáde láyé, aago ọwọ́ wọn ló kàn mí. Omega ni, irú èyí tí a ń fọwọ́ yí, kò lo bátìrì. Ojú rẹ̀ ti pọ́n díẹ̀, gíláàsì rẹ̀ kún fún ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ sì ti ha níbi tí bọ́tìnì ẹ̀wù wọn ti máa ń gbá a. Gbogbo ẹni tó rí i ló ń sọ pé kí n gbé e lọ kí wọ́n lọ̀ ọ́ kó dán. Mo ní rárá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi.

Pé aago ń rìn kò ní kó jẹ́ pé ara rẹ̀ le. Ọ̀pọ̀ aago ayé ìgbà yẹn ń lù lẹ́ẹ̀marùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 18,000 ìlù ní wákàtí kan. Bí ọ́ìlì inú rẹ̀ bá ti gbẹ, irin ni yóò máa ha irin ní gbogbo ìlù yẹn. Aago náà á máa sọ àkókò fún yín, àṣé ara rẹ̀ ló ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin tó ń tún aago ṣe tí mo gbé e fún fi ní kí n má yí i mọ́ títí òun yóò fi tú u, tí òun yóò fọ̀ ọ́, tí òun yóò sì fi ọ́ìlì tuntun sí i.

Ojú mi ló ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo rí àwọn nọ́ńbà kéékèèké àti déètì tí wọ́n fi ohun mímú ha sí inú ìdérí náà, àwọn kan hàn ketekete, àwọn mìíràn, àfi kí á gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó ní àmì àwọn tó ti tún un ṣe ṣáájú ni, pé bí wọ́n bá ti parí iṣẹ́ ni wọ́n máa ń ha tiwọn síbẹ̀. Bàbá mi kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa rí pé àwọn ń gbé e lọ fún àtúnṣe. Mo ka àwọn déètì yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì rí i pé wọn kò jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ, títí tí ara wọn kò fi gbé e mọ́.

Ọkùnrin náà bi mí bóyá kí òun bá mi kun ojú rẹ̀ ní ọ̀tun. Níbí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí mi dáadáa: inú aago ni kí á tọ́jú, ojú rẹ̀ ni kí á fi sílẹ̀. Ojú tó bá a jáde láti ilé iṣẹ́ ni àwọn tó mọyì aago àtijọ́ ń wá. Bí wọ́n bá tún un kùn, lẹ́tà á nípọn, ìlà ìṣẹ́jú á wọ́, iye rẹ̀ á sì já wálẹ̀. Lílọ̀ ara rẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí irin tí wọ́n bá lọ̀ dànù kò ní padà, igun tó mú á sì di kúlúbọ́. Gíláàsì nìkan ni mo jẹ́ kó fọwọ́ kàn. Ike ni ti àwọn aago wọ̀nyẹn, ọṣẹ ìfọyín díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ sì tó láti mú ọ̀pọ̀ ìlà ara rẹ̀ kúrò.

Láràárọ̀ ni mo ń yí i. Mo máa ń bọ́ ọ kúrò lọ́wọ́ ná, torí bí a bá yí i lọ́wọ́, a ó máa fa orí kékeré tí a fi ń yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú sì lè tẹ̀. Bó bá ti le, mo dúró. Omi kì í kàn án rárá. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé omi kò lè wọ̀ ọ́, ti ìgbà tó ṣì wà ní tuntun ni; rọ́bà tó ń dí etí rẹ̀ ti gbó.

* * *

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí ọ̀rọ̀ ìlera wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ojú aago tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi máa ń tàn nínú òkùnkùn nígbà tí mo wà ní kékeré. Kò tàn mọ́ báyìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní bí kò bá ti tàn mọ́, oró rẹ̀ ti tán nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Radium, èròjà kan tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń pò mọ́ ọ̀dà yẹn títí wọ ẹ̀wádún 1960. Èròjà tó ń mú un tàn ló kú, radium fúnra rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, nǹkan bí 1,600 ọdún ni yóò sì gbà kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Tritium, èròjà mìíràn tó ń tú ìtànṣán jáde, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ìdajì tirẹ̀ ń lọ ní bí ọdún 12. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú aago yín: bí lẹ́tà T bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Swiss, tritium ni wọ́n ń sọ.

Ẹ má ṣí i fúnra yín o. Ekuru ọ̀dà náà ni ewu, bó bá wọ imú tàbí ẹnu. Àwọn ọmọbìnrin tó ń kun ojú aago ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún 1917 máa ń fi ètè mú kí ẹnu búrọ́ọ̀ṣì wọn ṣe ṣóńṣó, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹrà, àwọn kan sì kú. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó jìnnà sí ibùsùn ni tèmi wà, ẹni tó mọ̀ nípa radium nìkan ni mo sì ń gbé e fún.

* * *

Ohun tí wọ́n ń bi mí jù ni pé èló ni aago ìyá mi tó. Seiko ni, kì í ṣe wúrà. Mo kọ́kọ́ wá ọjọ́ orí rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ Seiko àtijọ́, nọ́ńbà tó ṣáájú lára èyí tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn ni òǹkà tó parí ọdún tí wọ́n ṣe é, èyí tó tẹ̀ lé e ni oṣù. Lẹ́tà O, N àti D dúró fún oṣù kẹwàá, ìkọkànlá àti ìkejìlá. 7 àti N ló wà lára ti ìyá mi. Oṣù kọkànlá nìyẹn, ṣùgbọ́n 1967 ni àbí 1977 àbí 1987? Aago quartz ni, ìyẹn irú èyí tó ń lo bátìrì, Seiko kò sì gbé aago ọwọ́ quartz jáde títí di ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ọdún 1969, nítorí náà 1967 ti jáde. Mo wá tú àwọn fọ́tò ilé. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n gbé mi dání, n kò tíì lè dá jókòó, aago náà sì wà lọ́wọ́ wọn kedere. Wọ́n bí mi ṣáájú 1987, nítorí náà 1977 ni. Ẹkún ayọ̀ ni mo sun lọ́jọ́ yẹn.

Mo ti kó fọ́tò yẹn àti aago náà pọ̀ sójú kan, torí ẹ̀rí wà lára ohun tó ń mú kí iye aago gòkè. Ẹ wo Rolex Daytona ti Paul Newman, òṣèré Amẹ́ríkà. Joanne Woodward, ìyàwó rẹ̀, ló fún un, tòun ti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fín sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé kó máa rọra wakọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, wọ́n lù ú ní gbàǹjo ní New York ní 17,752,500 dọ́là. Òun nìkan kọ́ ni irú rẹ̀ tó jáde, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ṣiyèméjì nípa ọwọ́ tó ti wà. Ní tiwa, orúkọ òbí ẹni lẹ́yìn aago lè mú kí oníbàárà dín owó rẹ̀ kù. Kó dín in kù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́.

Bí ti yín bá jẹ́ wúrà, ẹ wá 750, 585 tàbí 375 nínú ìdérí ẹ̀yìn. 750 ni wúrà rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tó bá sì fẹ́ rà á kọ́ ló yẹ kó díye lé e fún yín. Èyí tó ń lo bátìrì, bí bátìrì bá ti kú, ẹ tètè jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, torí omi rẹ̀ á jò, á sì jẹ ẹ́ńjìnnì.

* * *

Tèmi kò gùn. Aago bàbá àgbà mi ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó ń fi ìṣẹ́jú púpọ̀ ṣáájú lójúmọ́. Ẹnì kan ti ní àfi kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Mo gbé e sún mọ́ kọ́ńpáàsì, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì sì ń tẹ̀ lé e bí mo ṣe ń gbé e kiri: mágínẹ́ẹ̀tì ti wọ sípíríǹgì tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbóhùn jáde ni mo máa ń gbé e sí lálẹ́. Atún-aago-ṣe mìíràn gbé e lé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń yọ mágínẹ́ẹ̀tì, kò ṣí i rárá. Láti ìgbà náà, ó ń lọ déédéé.