Alpaca mẹ́ta lórí éékà méjì: ṣé òwú wọn á tó hun súwẹ́tà?

ÌyáÌbejì_Wales béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ ilé yìí. Éékà méjì ni ilẹ̀ tí èmi àti ọkọ mi ní ní Wales. Koríko ló bò ó látòkè délẹ̀, àgùntàn mẹ́fà sì ń jẹ ní apá kan. Alpaca, ẹran onírun tó jẹ́ ìbátan ràkúnmí, la fẹ́ kó sí apá kejì. A ò fẹ́ máa bí wọn tà o. Irun wọn ni mo ń wá, kí n lè rí òwú hun súwẹ́tà fáwọn ọmọ, àti fìlà díẹ̀ tí mo lè gbé lọ sọ́jà Kérésìmesì.

Mélòó ni ká rà, ṣé akọ ni àbí abo? Kí ni wọ́n ń jẹ nígbà òtútù? Kílò òwú mélòó ló ń jáde lára ẹran kan tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, tí wọ́n ràn án tán? Èyí tó kù ni pé àwọn tó ń hunṣọ níbí ń sọ pé súwẹ́tà alpaca máa ń fà títí yóò fi fẹ́ẹ̀ kan orúnkún. Ṣé òwú ló lẹ́bi ni àbí ẹni tó hun ún? Ẹ jọ̀ọ́, mo ti ka ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tà á tó, ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ ni kó dá mi lóhùn.

Àgbẹ̀Òkè:

Ẹ ǹlẹ́ o, ìyá wa. Akọ mẹ́ta tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá ni kẹ́ ẹ rà. Abo wọ́n, oyún rẹ̀ ń gbà tó oṣù mọ́kànlá ààbọ̀, ọmọ kan ṣoṣo ló sì ń bí. Lákòókò oyún àti ọmú, oúnjẹ tí ì bá bọ́ irun, ọmọ ló ń gbà á lọ. Ọ̀dá ò ní wàhálà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ti ṣáájú nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀, egungun ẹsẹ̀ máa ń gùn ju bó ṣe yẹ lọ, oríkèé á sì máa yọ ọ́ lẹ́nu tó bá dàgbà.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ẹyọ kan fún yín. Alpaca kì í dá gbé. Èyí tó bá dá wà kì í jẹun dáadáa, àgùntàn ò sì lè rọ́pò ẹgbẹ́ rẹ̀. Bákan náà, ẹ má ra akọ tí wọ́n fi fídà tọ́ láti kékeré, bó ti wù kó máa rọ̀ mọ́ ènìyàn tó. Ó ti ka ènìyàn sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Tó bá gbó tán, bó ṣe ń bá akọ bíi tiẹ̀ jà náà ni yóò ṣe máa fi àyà gbá olówó rẹ̀ lulẹ̀.

Éékà kan lè gba mẹ́rin sí márùn-ún tí koríko bá dáa, nítorí náà ilẹ̀ yín tó. Ẹ pín in sí ojú mẹ́ta, kẹ́ ẹ máa kó wọn yípo. Wáyà alápapọ̀ tó ga tó mítà 1.2 ni kẹ́ ẹ fi ṣe ọgbà. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún ò dáa, irun ń há sí i, ó sì ń ya awọ. Àwọ̀n oníná tí wọ́n fi ń sé àgùntàn mọ́ burú jùyẹn lọ, torí wọ́n máa ń ki ọrùn bọ̀ ọ́. Àtíbàbà mítà mẹ́ta sí mẹ́ta, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń wá, ti tó mẹ́ta. Kó má yà yín lẹ́nu tí wọ́n bá dúró sínú òjò, tí wọ́n fi àtíbàbà sílẹ̀.

Oúnjẹ wọn kò le. Koríko tútù ni títí òtútù á fi dé, lẹ́yìn náà koríko gbígbẹ. Ẹran tó wọn kílò 65 ń jẹ tó kílò kan sí kílò kan àti díẹ̀ lójúmọ́. Ẹ fi oúnjẹ oníhóró tí wọ́n ṣe fún alpaca kún un, gíráàmù 100 sí 200 lójúmọ́ tó. Inú ọpọ́n gígùn ni kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sí fẹ́ẹ́rẹ́, torí èyí tó bá ń fi ìwọra gbé e mì, ọ̀fun rẹ̀ ni yóò há sí. Ẹ má bọ́ wọn yó jù: irun ẹran tó sanra máa ń nípọn, irun tó bá sì ti nípọn kò ní jẹ́ kí súwẹ́tà ṣeé wọ̀ mọ́ ara. Tẹ́ ẹ bá ní adìẹ, ẹ gbé oúnjẹ wọn jìnnà. Òmíràn ní monensin nínú, májèlé ni fún alpaca.

Níkẹyìn, Wales lẹ wà, ẹ má gba ẹran kankan wọlé láìjẹ́ pé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ikọ́ fée màlúù tí wọ́n ń pè ní bTB. Abẹ́rẹ́ awọ nìkan ò tó, ọ̀pọ̀ tó ní i ló ń yege níbẹ̀. Alpaca lè máa rìn, kó máa jẹun, kí àrùn náà ti ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ pátápátá.

Ọmọ_DókítàẸran:

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n dáa, àmọ́ ti àgùntàn yẹn ò gbọdọ̀ lọ báyẹn. Aràn tó ń mú àgùntàn ló ń mú alpaca. Èyí tó ń mu ẹ̀jẹ̀, Haemonchus, ló yára pa ẹran jù. Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kí alpaca wọ ibi tí àgùntàn ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ kúrò. Ohun tó gba yín ni pé ojú kan náà ni gbogbo alpaca ń yàgbẹ́ sí. Ẹ máa kó o kúrò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó tó di pé ọmọ aràn gun koríko. Ẹ má lo oògùn aràn torí pé oṣù ti yí. Ẹ gbé ìgbẹ́ lọ kí wọ́n ka ẹyin aràn inú rẹ̀ ná. Ìwọ̀n oògùn alpaca yàtọ̀ sí ti àgùntàn, dókítà ẹran ni kó sọ ọ́, kì í ṣe ara ìgò.

Ohun kejì ni oòrùn. Orí òkè Andes, ní Peru àti Bolivia, lẹran yìí ti wá, oòrùn ibẹ̀ mú gan-an. Láti October títí di March, oòrùn Britain kì í lágbára tó láti jẹ́ kí ara wọn ṣe fítámì D, irun tó bò wọ́n sì tún ń dí i. Àwọn tí kò tíì pé ọdún méjì ló kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀: wọ́n á hu gànnàkù, wọ́n á máa tiro, wọn ò ní dàgbà mọ́. Abẹ́rẹ́ tó ní fítámì A, D àti E ni wọ́n ń gún fún wọn, ní nǹkan bí oṣù méjì méjì títí òtútù yóò fi lọ. Ẹ má dá a wọ̀n fúnra yín, D àpọ̀jù ń ba kíndìnrín jẹ́.

Ẹ má fojú wo alpaca kẹ́ ẹ ní ó sanra. Irun yẹn lè bo ẹran tó ti ku egungun. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú irun, kẹ́ ẹ gbá ọ̀pá ẹ̀yìn mú níbi tí ìhà ti parí. Bí ẹran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá da bí òrùlé tó rọra dagun, ó dáa. Bó bá jin sínú, ebi tàbí aràn ni. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ dín oúnjẹ kù. Ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kẹ́ ẹ sì ṣí ìpéǹpéjú wò lọ́jọ́ kan náà. Tí inú rẹ̀ bá funfun dípò kó pọ́n, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà, kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Èékánná ní oṣù méjì sí mẹ́ta ni gígé.

Akin_Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹran yìí lè gbé nílé níbí? Mo ní ilẹ̀.

Ọmọ_DókítàẸran:

Ẹ̀gbọ́n Akin, ẹ má náwó sí i. Ìṣirò kan wà tí àwọn tó ń sin ín ní Amẹ́ríkà ń lò: wọ́n á ro iye ooru ní Fahrenheit pọ̀ mọ́ ìdá ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Tó bá kọjá 150, wọ́n á ti máa ṣọ́ra. Tó bá dé 180, ewu ńlá ni. Ọjọ́ tí ooru bá jẹ́ 31°C, ìyẹn 88 Fahrenheit, tí ọ̀rinrin sì jẹ́ 80, ó ti di 168 yẹn. Ọjọ́ lásán sì ni lọ́dọ̀ wa. Ibi tó ga tó mítà 3,500 sókè ni wọ́n ti ń sin ín ní Andes. Jos tútù díẹ̀, àmọ́ kò sún mọ́ ìyẹn.

Onírun:

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí irun. Huacaya ni kẹ́ ẹ rà, òun ni irun rẹ̀ rú gọ̀ọ̀rọ̀. Suri, tí irun tiẹ̀ ń wọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀, ó sì tún le ràn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò irun ọdún tó kọjá. Máíkírọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń wọn bí fọ́nrán irun ṣe nípọn tó; irun súwẹ́tà tí yóò kan ọrùn ọmọdé ò gbọdọ̀ ju 23 lọ. Irun tó bá ti kọjá 30 ló ń gún ènìyàn lára.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń rẹ́run, láàárín May sí June. Irun gbọ́dọ̀ gbẹ, nítorí náà tí òjò bá ń bọ̀, ẹ ti gbà wọ́n sábẹ́ àtíbàbà láti alẹ́ àná. Ẹ wá ẹni tó mọ alpaca rẹ́, torí ó yàtọ̀ sí àgùntàn. Wọ́n máa ń na ẹsẹ̀ iwájú àti tẹ̀yìn pẹ̀lú okùn, ẹnì kan á di orí mú. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ń gé eyín iwájú tó bá yọ kọjá èrìgì òkè.

Àpò mẹ́ta ni kẹ́ ẹ mú dání. Ti ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ wọ inú ọ̀kan, òun ni òwú súwẹ́tà. Ti ọrùn àti itan òkè wọ ìkejì. Ti ikùn, àyà àti ẹsẹ̀ wọ ìkẹta, ẹ fi ìyẹn ki tìmùtìmù. Ẹ bẹ̀ ẹni tó ń rẹ́ ẹ kó má padà sí ojú tó ti rẹ́ kọjá. Irun wẹ́wẹ́ tí ìyẹn ń yọ ló ń di kókó kéékèèké lára súwẹ́tà, àwọn ènìyàn á wá máa bú òwú.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹ sórí àwọ̀n, kẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa. Ẹran yìí fẹ́ràn kó máa yí nínú eruku, eruku ló sì pọ̀ jù nínú irun rẹ̀. Kò ní ọ̀rá bíi ti àgùntàn, nítorí náà ọṣẹ díẹ̀ tó. Ẹ mú ìdajì kílò, ẹ kó o sínú àpò àwọ̀n, ẹ rì í sínú omi gbígbóná bíi 50 sí 60°C tí ọṣẹ ìfọbọ́ wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ẹ má rò ó, ẹ má fọwọ́ fún un. Omi ìṣan gbọ́dọ̀ gbóná bíi ti àkọ́kọ́. Tó bá ti inú omi gbígbóná bọ́ sínú omi tútù, tí wọ́n sì tún ń fọwọ́ rò ó, yóò lẹ̀ mọ́ra, kò ní ṣeé yà mọ́.

Iye rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ka kílò kan ààbọ̀ irun àpò kìíní lórí ẹran kan, kó tó di òwú yóò ti sún mọ́ kílò kan. Mẹ́ta á fún yín ní bíi kílò mẹ́ta lọ́dún. Súwẹ́tà àgbà kan ń gba gíráàmù 500 sí 600, fìlà kan 80 sí 90. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ràn án fúnra yín, ẹ lọ́ ọ ju bẹ́ ẹ ṣe ń lọ́ irun àgùntàn lọ, torí ó ń yọ̀, òwú tí wọn ò lọ́ dáadáa á já lẹ́nu abẹ́rẹ́. Ẹ lọ́ fọ́nrán méjì pọ̀.

Àǹtí_Abẹ́rẹ́Méjì:

Ó kù sọ́wọ́ mi. Ìyá Ìbejì, àwọn méjèèjì ló lẹ́bi, àmọ́ ti ẹni tó hun ún pọ̀ jù.

Irun àgùntàn ká kò, tẹ́ ẹ bá fà á, á padà. Ti alpaca ń yọ̀, kò sì ká kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ibi tí ìwúwo aṣọ bá fà á dé ló ń dúró sí. Ẹ ní kí ilé ìrànwú po irun àgùntàn Bluefaced Leicester tàbí Merino mọ́ ọn, ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ṣì máa rọ̀, ó ṣì máa móoru, àmọ́ yóò lè padà tẹ́ ẹ bá fà á. Ẹni tó bá fẹ́ hun gbogbo rẹ̀ ní alpaca lásán, kó hun síkáàfù.

Òwú DK, ìyẹn èyí tí kò nípọn jù tí kò sì tẹ́ẹ́rẹ́ jù, abẹ́rẹ́ mílímítà 4 ni wọ́n máa ń kọ sára rẹ̀, ojú 22 nínú sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ lo 3.5. Etí ọwọ́ àti ìsàlẹ̀ aṣọ, ẹ lo 3, torí ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dẹ̀. Ẹ hun àpẹẹrẹ sẹ̀ǹtímítà 15 sí 15 ná. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi so kọ́ pẹ̀lú ohun tó wúwo díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí sẹ̀ǹtímítà 10 bá di 11, súwẹ́tà tẹ́ ẹ fẹ́ kó gùn tó 60, ẹ hun ún ní 54 àbọ̀, ìfọ̀ á parí èyí tó kù. Ẹni tó bá fo èyí ló ń ní kí orúnkún wọ súwẹ́tà.

Ẹ hun ún ní abala abala, kẹ́ ẹ sì rán an pọ̀ ní èjìká àti ẹ̀gbẹ́. Ojú rírán yẹn ló ń gbé aṣọ ró. Èyí tí wọ́n hun láti ọrùn wá sílẹ̀ láìsí ojú rírán kankan, gbogbo ìwúwo rẹ̀ wà lọ́rùn. Ẹ rán rìbọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ inú èjìká. Ìhun onídìrí tó gbà òwú púpọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún fìlà. Tẹ́ ẹ bá fọ súwẹ́tà, ẹ yí i sínú táwẹ́ẹ̀lì kí omi jáde, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ gbẹ. Ẹ má fi kọ́ rárá, kódà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

ÌyáÌbejì_Wales:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Olúwa á san yín lẹ́san. Àǹtí, fìlà ọjà ńkọ́, ṣé mo ní láti lẹ nǹkan mọ́ ọn?

Àǹtí_Abẹ́rẹ́Méjì:

Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin àmì aṣọ ti 2012 ní Britain ní kí aṣọ títà gbé irú fọ́nrán inú rẹ̀ àti ìdá kọ̀ọ̀kan. "70% alpaca, 30% wool" báyẹn, lédè Gẹ̀ẹ́sì, kó hàn ketekete kí oníbàárà tó sanwó. Ẹ gba ìwé ìdá ìpopọ̀ lọ́wọ́ ilé ìrànwú lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ gba òwú.