Òrùlé koríko àti oko ìrẹsì inú anime abúlé ahoro: bí iṣẹ́ náà ṣe rí gan-an ní Japan

Nínú àwọn anime (fíìmù àwòrán ti Japan) tí akọni ti máa ń dé abúlé tí gbogbo èèyàn ti kó kúrò níbẹ̀, òrùlé ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ tún ṣe. Wọ́n á pidán, koríko á fò gun orí ilé, ó parí. Ìran yẹn dùn ún wò, àmọ́ ibi tó dùn jù nínú iṣẹ́ náà ni wọ́n fò.

Ẹ wo àwọn ilé abúlé Shirakawa-gō ní ìpínlẹ̀ Gifu ní Japan, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 1995. Gasshō-zukuri lorúkọ irú ilé bẹ́ẹ̀, torí òrùlé rẹ̀ dà bí àtẹ́lẹwọ́ méjì tí èèyàn pa pọ̀ láti gbàdúrà. Ó dagẹ̀rẹ̀ tó bí 60 dígírì kí òjò dídì má baà jókòó lé e. Koríko tí wọ́n ń lò jọ bẹẹrẹ. Ìgbà tó bá gbó, kí òjò dídì tó dé, ni wọ́n ń gé e. Wọ́n á dì í ní ìtì, wọ́n á sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Èyí tó bá tutù gorí ilé, inú ni yóò ti máa jẹrà.

Etí òrùlé nísàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ti òkè lè máa bo ti ìsàlẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja. Wọ́n á fi ọ̀pá dábùú ìtẹ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni orí ilé á ti abẹ́rẹ́ onígi ńlá gba inú koríko kọjá. Ẹnì kejì tó wà nínú òkùnkùn àjà á gba okùn, á yí i ká igi, á tì í jáde padà. Bí okùn bá dẹ̀, koríko á máa yọ̀ wálẹ̀. Kò sí ìṣó nínú igi òrùlé yìí. Okùn àti ẹ̀ka igi tútù tí wọ́n lọ́, neso, ni wọ́n fi ń dì í. Bí neso bá ṣe ń gbẹ ló ń fún mọ́ra.

Ẹ̀gbẹ́ òrùlé kan lè gba èèyàn 100 sí 200, kí wọ́n sì parí rẹ̀ lọ́jọ́ kan tàbí méjì. Yui ni wọ́n ń pè é. Àáró ni, kì í ṣe ọ̀wẹ̀: ẹni tó wá lónìí, wọ́n á lọ sí tirẹ̀ náà. Òrùlé kan sì ń lo bí ọdún 30 sí 40, nítorí náà ẹni tó lọ ní ọmọ ogún ọdún lè tó ọgọ́ta kí wọ́n tó san án fún un. Bó bá ku ìdílé mẹ́rin lábúlé, àáró ti já kí òrùlé tó jò. Ọwọ́ èèyàn ni idán inú anime ń rọ́pò.

Èyí tí mi ò lè gbà nínú anime wọ̀nyí ni ilé tó ti ṣófo tipẹ́, tí òrùlé rẹ̀ ṣì wà digbí. Èéfín irori, ààrò àárín ilé, ló ń mú koríko gbẹ tó sì ń lé kòkòrò. Tí iná bá ti kú, ọ̀rinrin á gorí ilé.

*

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ti oko ìrẹsì kún un. Ìpele líle kan wà lábẹ́ ẹrẹ̀ tó ń dá omi dúró. Bí oko bá gbẹ fún ọdún mélòó kan, ìpele yẹn á sán, gbòǹgbò á gún un, àwọn ẹranko tó ń gbẹ́lẹ̀ á sì dá etí oko, ìyẹn ebè tó ká omi mọ́ inú oko, lu. Bí akọni bá wá da omi sí i lọ́jọ́ tó dé, kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ti wọlẹ̀ tán. Ojú omi lókè ni kó kọ́kọ́ kó pàǹtí kúrò. Kó wu gbòǹgbò, kó fi ẹrẹ̀ rẹ́ etí oko láti inú (azenuri), kó wá po ilẹ̀ mọ́ omi títí á fi kúnná (shirokaki). Lẹ́yìn náà ló tó lè lọ́ ìrẹsì.

*

Ẹ má gbàgbé iná, ẹ̀yin ará. Ààrò ní gbogbo ilé, koríko lórí gbogbo ilé! Ní Ogimachi, abúlé kan ní Shirakawa-gō, wọ́n ri ẹ̀rọ tó ń tu omi sókè káàkiri àárín ilé, omi rẹ̀ sì ń ṣàn wá láti inú àgbá ńlá lórí òkè. Nígbà ìwọ́wé wọ́n ń ṣí gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ láti dán an wò, omi á sì ta bo òrùlé gbogbo.