Ta ló mọ orírun "Morrison's Jig"?

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Mo ń kọ́ fáyólìn, orin ijó Írẹ́lándì yìí ló sì gba gbogbo ọkàn mi báyìí. Mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń ka ìlù rẹ̀. Mo fi ìka ìfábẹ̀lá tẹ okùn D, mo tún fi ìka kan náà bọ́ sórí okùn A: àfi bí ìgbà tí èèyàn ń peni láti òkèèrè.

Ọmọ Sligo ní Írẹ́lándì ni James Morrison, atafáyólìn tí wọ́n fi sọ orin náà lórúkọ. Wọ́n bí i ní 1893, New York ló kú sí ní 1947. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ọ̀dọ̀ Tom Carmody, ọmọ Kerry, ní Írẹ́lándì bákan náà, tó ń tẹ accordion (dùùrù àfọwọ́fà), ni Morrison ti kọ́ orin náà. Ó ń dùn mí pé orúkọ ẹni tó gbé e sí rẹ́kọ́ọ̀dù ló ṣẹ́ kù, tí ti àwọn tó kọ́kọ́ ń ta á nílé ti rá.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pè é ní Kerry tẹ́lẹ̀? Ṣé ó wà nínú ìwé orin tí Francis O'Neill tẹ̀ jáde ní Chicago ní 1903, bóyá lábẹ́ orúkọ mìíràn? Ẹni tó bá mọ ibi tí mo ti lè gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ rẹ̀, kó ṣàánú mi, kó júwe ẹ̀ fún mi.