Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: pátákó tó ń júwe ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ta ni mo máa gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀?

Ìyá_Oníṣìnṣín
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Kéèkì àti ṣìnṣín ni mò ń ṣe. Inú àdúgbò kan lápá Abúlé Ẹ̀gbá ni mo wà, tẹ́ ẹ bá sọ̀ lórí márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta ẹ máa wọlé tó ìrìn ìṣẹ́jú 6, ẹ tún máa wá yà sọ́wọ́ òsì lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí kékeré, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà torí mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà ládùúgbò yẹn, mẹ́ta ni. Oníbàárà á pè mí lẹ́ẹ̀mẹfà kó tó débẹ̀. Oṣù tó kọjá mo ní kí kápẹ́ńtà kan bá mi gé pátákó ọlọ́fà, mo kọ orúkọ àti nọ́mbà fóònù sí i, mo kàn án mọ́ òpó iná létí márosẹ̀ níbẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ X sí i, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò sí níbẹ̀ mọ́. Làwọn ọkùnrin méjì kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì bá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé kí n wá sanwó ìtanràn kí wọ́n tó dá a padà, wọn ò mú ìwé kankan lọ́wọ́, mo bi wọ́n pé níbo lẹ ti wá wọ́n ń kùn sábẹ́ imú. Mo ní kí wọ́n máa fi dáná. Àmọ́ mo ṣì nílò pátákó o, mo sì fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ lọ́tẹ̀ yìí. Ṣé lókà ni mo máa lọ àbí sítéètì? Irú èwo lẹ rò pé kí n ṣe? Kò sówó rẹpẹtẹ lọ́wọ́ o, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ_Agége
Àǹtí, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, ẹ ṣe òmíì kẹ́ ẹ lọ kàn án láago méjì òru. Ṣebí fọ́tò àwọn olóṣèlú ló kún ara gbogbo bíríjì, ta ló gbàṣẹ níbẹ̀?

Awẹ́dà_Ìyànà
Ẹ má dá ọmọ yìí lóhùn jàre. Tẹ́ ẹ bá máa gbọ́ tèmi, ẹ má kàn nǹkan kan mọ́ òpó iná mọ́ láéláé. Òpó yẹn, iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ló ni ín, àwọn ọmọ wọn tó ń gun òpó kì í fẹ́ rí ìṣó lára ẹ̀ torí ẹsẹ̀ wọn, tí wáyà bá sì lọ já sórí irin pátákó yín lójò, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìtanràn nìyẹn. Igi náà bẹ́ẹ̀. Àwa tá à ń jó irin la máa ń rí àjákù pátákó tí wọ́n ń kó wá fún wa rà ní kílò, gbogbo ẹ̀ lara òpó ni wọ́n ti ń já a.

Lọ́yà_Kékeré
Ẹ káàsán mà. Ìdí tọ́rọ̀ yìí fi ń rú èèyàn lójú ni pé ọ̀gá mẹ́ta ló wà nídìí ẹ̀. Ìwé òfin 1999, ní Fourth Schedule tó ń sọ iṣẹ́ lókà, ó ka ìpolówó ìta gbangba mọ́ iṣẹ́ wọn. Òfin 1998 tó to orúkọ owó orí tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà náà fi owó pátákó sọ́dọ̀ lókà. Àmọ́ lọ́dún 2006 Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tiwọn, òun ló bí LASAA, iléeṣẹ́ sítéètì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ pátákó, àwọn ló sì ń fúnni ní pẹ́míìtì pátákó káàkiri Èkó látìgbà náà. Nítorí náà tí lókà bá ń sọ pé tàwọn ni, tí sítéètì náà ń sọ pé tàwọn ni, orí yín ò dàrú, bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Lójú tèmi, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní LASAA, torí àwọn ló lè yọ pátákó yín, kẹ́ ẹ wá lọ sí káńsù yín kẹ́ ẹ béèrè pé ṣé owó kan tún wà tí wọ́n ń gbà, kẹ́ ẹ gba èsì ní kíkọ.

Ẹnì kẹta ni ìjọba àpapọ̀. Màmá, márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, tìjọba àpapọ̀ ni. Mítà 45 láti àárín títì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kà mọ́ ilẹ̀ ọ̀nà. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kan, ẹ máa rí i pé ibi tẹ́ ẹ kan pátákó sí, ó wà láàárín ilẹ̀ wọn gbáà, fọkanáísà tó wà níbẹ̀ gan-an àtẹni tó ń ta páànù, orí ilẹ̀ ọ̀nà ni gbogbo wọn jókòó sí. Ó dájú pé ẹnì kan máa wá sọ fún yín pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá a lọ́dún 2003 pé ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú kíkọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má gbé ìdájọ́ yẹn dání lọ gbẹ́lẹ̀ létí márosẹ̀ o, tí wọ́n bá fẹ́ fẹ ọ̀nà, katapílà ò ní béèrè.

Àwọn onijákẹ́ẹ̀tì yẹn ńkọ́, ẹ ṣe dáadáa bẹ́ ò ṣe sanwó. Òfin 1998 yẹn kan náà sọ pé ẹni tí kò láṣẹ tó bá ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ lè san fáìnì 50,000 náírà tàbí kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 3, tàbí méjèèjì. Ẹni tó bá wá, ẹ ní kó fún yín ní dímáàndì nótíìsì tó ní orúkọ yín lára, owó ìjọba sì ni, báńkì la ti ń san án, ẹnì kan kì í kó o sápò jákẹ́ẹ̀tì.

Ìyá_Oníṣìnṣín
Yéè! Mítà 45 kẹ̀. Ìyẹn ni pé orí ilẹ̀ Àbújá ni mo lọ kan ìṣó mọ́. Ẹ ṣé gan-an lọ́yà wa.

Ará_Mọ́kọ́lá
Láti Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé. Ọ̀dọ̀ tiwa OYSAA ni, àwọn ará Ògùn ń lọ sí OGSAA, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó jáde nílé ni pé pátákó tó wà lára ṣọ́ọ̀bù yín fúnra yín tó ń pe orúkọ yín, first party ni wọ́n ń pè é, billboard ńlá tí wọ́n ń yá oníbíà àti báńkì, ìyẹn ni third party. Tiyín tó jẹ́ pé orúkọ yín ló wà lára ẹ̀ ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ẹlòmíì ló wà, ẹ là á mọ́lẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọlọ́fà ni, ẹ ya fọ́tò ibẹ̀, ẹ sọ ìwọ̀n ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kàn sọ pé "mo fẹ́ pátákó", ti ojú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa kọ fún yín, ẹ ó sanwó tán, ti ìta yín á tún di èyí tí kò níwèé. Ọdọọdún lẹ ó máa san án o, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré. Bó bá ṣe tóbi tó àti ibi tó wà lowó ẹ̀ ń tẹ̀ lé, nítorí náà kékeré ni kẹ́ ẹ ṣe.

Pẹkamu_Lawa
Ẹ má rò pé Nàìjíríà nìkan ni o. Nílùú ọba níbí, òfin 1980 lórí títì ò jẹ́ kéèyàn lẹ nǹkan kan mọ́ igi tàbí òpó tó wà lójú ọ̀nà láìgbàṣẹ, káńsù sì lè wá gbé pátákó onígun méjì tá à ń gbé síta lórí pèéfúmẹ́ńtì tó bá dí ọ̀nà mọ́ afọ́jú tàbí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Ti ojú ṣọ́ọ̀bù gan-an níwọ̀n, lẹ́tà tó bá ga kọjá 75 sẹ̀ntímítà, wọ́n á ní kó o wá gba ìyọ̀ǹda. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò ju pé lẹ́tà ni wọ́n ń kọ síni, kò sí onijákẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ_Agége
Ẹ̀gbọ́n Pẹkamu, ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wa náà 😂

Akọ̀wé_CDA
Ìyá Oníṣìnṣín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ padà lọ ka ohun tẹ́ ẹ kọ sókè. Ẹ ní ibi mọ́ṣáláṣí làwọn èèyàn ti ń sọ nù. Kí ló wá gbé pátákó yín dé etí márosẹ̀? Ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ti mọ orúkọ bọ́sítọ́ọ̀bù, kọ̀ndọ́ á já a sílẹ̀, kò sọ nù níbẹ̀. Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ló ti ń dúró wo òkè wo ilẹ̀. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e sí, ọ̀rọ̀ ìjọba àpapọ̀ ti parí nìyẹn, ti títì àdúgbò nìkan ló kù fún yín.

Mo lè sọ bí àwa ṣe ṣe é lápá Ìpájà níbí torí èmi ni mo kọ gbogbo lẹ́tà ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ ló wà ní títì wa: aránṣọ méjì, ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe, ìyá tó ń lọ ata, fámásì, ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, onígáàsì, ẹni tó ń ṣe irun. Tẹ́lẹ̀ kálukú ló ní pátákó tiẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yẹn, ó wá dà bí ìgbà tí wọ́n ń sá ẹja, ẹnikẹ́ni ò rí ti ẹnikẹ́ni kà, mọ́tò tó ń jáde ò sì rí èyí tó ń bọ̀. Ọjọ́ tí ọmọ kékeré kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sábẹ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá níbẹ̀ la kó gbogbo ẹ̀ lulẹ̀. CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, wá ṣe ọ̀kan ṣoṣo, òpó méjì, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́jọ láàárín tí wọ́n fi bóòtù dè, tẹ́nì kan bá kó lọ a á tú tiẹ̀, a á fi ti ẹni tuntun sí i. CDA ló forúkọ gbàṣẹ, lẹ́tà kan, owó kan, a pín in sọ́nà mẹ́jọ. Lándílọ́ọ̀dù tó ni ilé orí igun fún wa láyè ní inú fẹ́ǹsì ẹ̀, ó buwọ́ lu ìwé, a sì rí i dájú pé kò yọ sórí gọ́tà. Ìwé onílé yẹn ṣe pàtàkì o, ibi tí mo ti rí i tí wọ́n ń já pátákó ẹni tó sanwó gan-an, onílé ló máa ń ní òun ò mọ̀ sí i.

Ìjà tó ṣẹlẹ̀ ò ju ti ẹni tó máa wà lókè lọ. Ìyá aláta ní òun lòun dàgbà jù, fámásì ní òun lòun sanwó kọ́kọ́, ìpàdé méjì la fi sọ ọ́. A wá gbà pé ẹni tó sún mọ́ igun jù ló máa wà lókè, ẹni tó jìnnà jù ló máa wà nísàlẹ̀. Ìyá aláta ò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù kan.

Tẹ́kì_Bọ̀ọ̀dá
Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ dáa, ṣùgbọ́n kí pátákó tó jáde, ṣé ṣọ́ọ̀bù màmá wà lórí Google Maps? Ọ̀fẹ́ ni o. Ẹ fi orúkọ sí i, ẹ fi àkókò tẹ́ ẹ ń ṣí àti fọ́tò ojú ṣọ́ọ̀bù sí i, kẹ́ ẹ wá rí i pé àmì yẹn bọ́ sórí ilé yín gan-an torí ó máa ń lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíì, ẹ fa á wá síbi tó yẹ. Lẹ́yìn náà ẹ rìn láti bọ́sítọ́ọ̀bù wá sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ máa fi fóònù ká fídíò, kẹ́ ẹ dúró níbi mọ́ṣáláṣí yẹn kẹ́ ẹ nawọ́ sí i pé ÈYÍ ni, kì í ṣe ìyẹn. Ẹ gé e kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ, ẹni tó bá ti bu owó sílẹ̀ lórí WhatsApp ẹ fi ránṣẹ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà, tẹ́ ẹ bá ń rò ó pé ẹ máa lẹ orúkọ mọ́ mọ́tò tó ń gbé kéèkì, ẹ béèrè ti ìyẹn náà ní LASAA, pẹ́míìtì tiẹ̀ wà lọ́tọ̀, àwọn èèyàn kì í mọ̀ títí wọ́n á fi dá wọn dúró.

Ìyá_Oníṣìnṣín
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Akọ̀wé, ẹ fi ojú mi hàn mí, òótọ́ ni, mo kàn rí i pé gbogbo ayé ń kan tiwọn sí etí márosẹ̀ lèmi náà ṣe lọ. Mo ti lọ bá bàbá tó ni ilé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní kò burú ṣùgbọ́n kí orúkọ mọ́ṣáláṣí náà wà lókè pátákó kí àwọn àlejò má baà máa lọ kírun ní ibòmíì, mo ní kò sí wàhálà, èmi gan-an ni ìyẹn máa ràn lọ́wọ́. Onígáàsì àti ẹni tó ń ta búlọ́ọ̀kù ti ní àwọn máa dá sí i. Ìpàdé CDA wa di Sátidé. Mo ti ká fídíò yẹn náà, ọmọ mi ní mò ń sọ̀rọ̀ bí olùkéde rédíò. Ó ku ẹ̀yin awẹ́dà, irú irin wo?

Awẹ́dà_Ìyànà
Pàìpù onígun mẹ́rin, kẹ́ ẹ fi ọ̀dà adènà ìpẹtà kùn ún kí ọ̀dà gidi tó lé e, ẹsẹ̀ ẹ̀ kó wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì pẹ̀lú kọ̀nkéré torí atẹ́gùn oṣù kẹta. Kí ìsàlẹ̀ pátákó ga ju orí èèyàn lọ kí ẹnikẹ́ni má fi orí gbá a. Ẹ má lo flẹ́ẹ̀sì, oòrùn á pa á kó tó pé ọdún, sítíkà tó ń dán tí iná mọ́tò bá kàn án ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, lẹ́tà ńlá, orúkọ àti ọfà, ó parí. Ẹ má kọ nọ́mbà fóònù mẹ́ta sí i. Ẹ má sì fi pupa àti funfun ṣe é bíi ti àmì ojú ọ̀nà. Àmọ́ ẹ má ní kí n gé irin kankan títí ìwé á fi jáde o, irin tí wọ́n ti jó tán, mi ò ní gbà á padà.

Akọ̀wé_CDA
Ẹ gbé ṣìnṣín dání lọ sí ìpàdé Sátidé yẹn. Ti ìyá aláta ló ń kọ́ mi.